ARIWO NI ÀBÍ ORIN? Èrò Wa Lórí Orin Ariwo àti Ìlù Tí Àwọn Ọmọ Wa Kò Gbọ́ Mọ́

Àwọn àgbà wa ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù agídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire tó fi ìlú Bìní ṣe ibùgbé, ọdún tún yí po, ìwé ìrántí ẹgbẹ́ wa sì tún jáde. Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ orin ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Kì í ṣe jùjú, kì í ṣe fújì, kì í sì ṣe orin ìyìn inú ṣọ́ọ̀ṣì. Irú orin kan ni tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé jáde káàkiri àwọn ìlú ńlá ayé, tí wọ́n ń pè ní orin ariwo.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yìí yóò rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò sọ pé ariwo kì í ṣe orin. Bí ọmọ bá ń fi ṣíbí lu abọ́ nínú ilé, "Dákẹ́ ariwo!" la máa ń wí fún un, a kì í sọ pé "O kú orin." Síbẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n ń fi rédíò tí kò mú ibùdó kankan, irin, páànù, ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ àti ohùn ọjà ṣeré níwájú ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn, tí àwọn ènìyàn náà sì jókòó jẹ́ẹ́, tí wọ́n ń tẹ́tí. Ṣé orí wọn pé? Ṣé ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀?

Èrò tiwa ni pé kì í ṣe dídùn ló ya orin sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo. Etí tó mọ ohun tí ó ń gbọ́ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí a mọ ìtumọ̀ rẹ̀, orin ni tàbí ọ̀rọ̀. Ohun tí a kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ariwo ni. Bí a bá sì fi òṣùwọ̀n yìí wọn ara wa, àfàìmọ̀ kí ìlù àwọn baba wa má ti máa di ariwo létí àwọn ọmọ tí a bí sí ìlú yìí. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ orin ariwo fi kan ẹgbẹ́ wa.

BÍ WỌ́N ṢE BẸ̀RẸ̀ RẸ̀

Ní ọdún 1913, ayàwòrán ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Luigi Russolo kọ ìwé kan láti fi kéde pé iṣẹ́ ọnà ni ariwo. Ohun tó sọ ni pé láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti kún ìlú ńlá, etí ọmọ ènìyàn ti yí padà, dùùrù àti fèrè nìkan kò sì lè tó o mọ́. Ó kan àwọn àpótí onígi tí a ń fi ọwọ́ yí, èyí tó ń kùn, èyí tó ń súfèé, èyí tó ń bú ramúramù. Nígbà tó gbé wọn síwájú èrò ní ìlú Milan ní ọdún 1914, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé òyìnbó nìkan ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1944, ní ìlú Cairo ní Íjíbítì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Halim El-Dabh gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ síbi ààtò kan tí àwọn obìnrin ti ń fi ìlù àti orin wo aláìsàn. Ó gba ohùn wọn sílẹ̀, ó padà sí ilé iṣẹ́ rédíò, ó yọ àwọn apá kan kúrò nínú ohùn náà, ó sì jẹ́ kí ìyókù máa ró bí ohùn tó ń ti inú àpáta jáde. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1948, ni Pierre Schaeffer ṣe irú rẹ̀ ní Paris, tí gbogbo ayé sì wá ń pè é ní baba iṣẹ́ náà. Ará Áfíríkà ló ti ṣe é ṣáájú, kò kàn sí ẹni tó pariwo rẹ̀ ni.

Ní Japan, ibi tí orin yìí ti gbilẹ̀ jù, Masami Akita bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ ní ọdún 1979 lábẹ́ orúkọ Merzbow. Ara iṣẹ́ ayàwòrán ará Jámánì kan, Kurt Schwitters, tó ń kó pàǹtírí jọ láti fi ṣe ọnà, ló ti mú orúkọ náà. Ẹ jẹ́ kí a rántí ọ̀rọ̀ pàǹtírí yẹn, nítorí pé ní ọdún 1988 ni Àgbà Fújì tiwa, olóògbé Síkírù Àyìndé Barrister, gbé àwo tó pè ní Fuji Garbage jáde. Pàǹtírí náà ni garbage. Olórin tí orúkọ rẹ̀ ti kárí ilẹ̀ Yorùbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe orin rẹ̀ ní pàǹtírí, àwa náà sì jó o títí ilẹ̀ fi mọ́.

ARIWO KÒ ṢÀJÈJÌ SÍ WA

Bí a bá wò ó dáadáa, ariwo wà nínú orin wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ìyáàlù dùndún. Ojú awọ nìkan ti tó fún un láti sọ̀rọ̀, àmọ́ àwọn baba wa kò jẹ́ kó dá sọ̀rọ̀. Wọ́n so ṣaworo mọ́ ọn yípo, kí ohùn rẹ̀ lè máa gbọ̀n ṣìnṣìn. Ẹ wo ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀: igbá lásán ni bí kò bá sí àwọ̀n ìlẹ̀kẹ̀ tàbí owó ẹyọ tó ń ha á lára. Òyìnbó tó ń kan dùùrù a máa sapá kí ohunkóhun má gbọ̀n nínú rẹ̀. Tiwa, a mọ̀ọ́mọ̀ fi gbígbọ̀n síbẹ̀ ni, nítorí pé ohùn tó mọ́ jù a máa dà bí ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀ létí wa.

Ẹ wo fújì fúnra rẹ̀. Láti inú wéré ló ti jáde, orin tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ káàkiri àdúgbò lóru oṣù Rámàdáànì láti jí àwọn Mùsùlùmí kí wọ́n lè jẹ sààrì. Iṣẹ́ orin náà ni kó má jẹ́ kí ènìyàn sùn. Ariwo tó ní ìdí ni, ẹni tó bá sì jí mọ ohun tó jí i. Láàárín ọdún 1960 sí 1970 ni Barrister àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ di orin òde.

Àwọn onílẹ̀ tó gbà wá lálejò níbí náà kò kẹ̀rẹ̀. Nígbà ọdún Ìgùè, kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ Ewere, àwọn ọmọ Ẹ̀dó a máa fi igi iná àti igbe lé Ubi, ìyẹn ibi, jáde kúrò nílùú. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbé ewé Ewere wọlé, tí wọn yóò máa fi kí ara wọn. Àlejò tó bá jí gbọ́ igbe yẹn lè rò pé olè ló dé. Ọmọ onílẹ̀ mọ̀ pé ìwẹ̀nùmọ́ ni. Igbe kan náà ni. Etí ló yàtọ̀.

GUITAR BOY TI ÌLÚ BÌNÍ

A kò lè sọ̀rọ̀ ẹni tó ń fi ohùn dán ọgbọ́n wò ní ìlú yìí kí a má dárúkọ olóògbé Sir Victor Uwaifo. Ọdún 1941 ni wọ́n bí i, ó sì dágbére fáyé ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2021. Gbogbo àwa tó ti dàgbà la mọ Joromi, tó gba àwo wúrà fún un, a sì mọ Guitar Boy ti ọdún 1966. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ tọ́ka sí ni ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀.

Ayàwòrán ni Uwaifo kó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká olórin. Ó kọ́ iṣẹ́ náà ní Yaba ní Èkó. Ó wo aṣọ akwete tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Ìgbò ń hun, ó rí bí àwọ̀ kan ṣe ń tẹ̀lé òmíràn nínú rẹ̀, ó sì bi ara rẹ̀ léèrè pé bí aṣọ yìí bá lè fọhùn, kí ni yóò sọ? Ó fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀ lórí gìtá, ó sì pe orin tó ti ibẹ̀ jáde ní akwete. Lẹ́yìn èyí, ó mú ekassa, ijó tó jẹ mọ́ ìgbà tí Ọba tuntun bá gorí ìtẹ́ ní Bìní, ó fi gìtá iná mànàmáná lù ú. Ó tún ṣe gìtá ọlọ́rùn méjì tó ní okùn 18. Nígbà tí orúkọ rẹ̀ ti kárí ayé tán, ó padà sí Yunifásítì Bìní láti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà, ó sì di olùkọ́ níbẹ̀.

Kí ni ẹ̀kọ́ inú rẹ̀? Uwaifo kò fi ìdánwò bo àìmọ̀ṣẹ́ mọ́lẹ̀. Ó mọ ohun tó ń fọ́ kó tó fọ́ ọ. Ekassa tó gbé sórí gìtá, ọmọ Bìní tó gbọ́ ọ mọ̀ pé ekassa ni. Òṣùwọ̀n tí a fẹ́ fi wọn àwọn olórin ariwo nìyẹn: ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí ẹ ń fọ́?

KINSHASA ÀTI ỌJÀ BÁLÓGUN

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ méjì wá láti ibòmíràn. Ní Kinshasa, ní orílẹ̀-èdè Kóńgò, àgbàlagbà kan wà nígbà kan rí tó ń jẹ́ Mingiedi Mawangu, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ eléré Konono N°1. Ohun èlò tó ń ta ni likembe, tó jẹ́ ìbátan agídìgbo tiwa, tó sì jọ asologun tí àwọn ọmọ Ẹ̀dó ń ta sí ìtàn alẹ́. Nígbà tí ariwo mọ́tò ìlú ńlá bo ohùn likembe mọ́lẹ̀, Mingiedi kò ní owó ẹ̀rọ ìgbàlódé. Ó yọ mágínẹ́ẹ̀tì lára ògbólógbòó ohun èlò mọ́tò, ó fi ṣe maikirofóònù, ó sì so ó mọ́ lasipíkà onífèrè. Ohùn tó jáde ń gbọ̀n, ó ń ya, ó ń fẹ́ bí iná. Wọn kò gbà á sí àṣìṣe. Wọ́n ní ó jọ gbígbọ̀n tí ohun èlò àwọn baba àwọn ní láti ilẹ̀ wá. Nígbà tí àwo Congotronics jáde ní ọdún 2004, àwọn olórin ìdánwò ní Yúróòpù ya ẹnu sílẹ̀: ohun tí wọ́n ń fi owó ńlá wá, ọkùnrin kan ti fi irin àlòkù ṣe é lójú títì.

Àpẹẹrẹ kejì kàn wá gan-an. Emeka Ogboh, ọmọ Ìgbò tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti gba ohùn ìlú Èkó sílẹ̀, gbé iṣẹ́ kan tó pè ní Market Symphony sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ní Washington, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2016. Ó gba ohùn Ọjà Balógun sílẹ̀, ó sì jẹ́ kó máa ti inú àwọn lasipíkà kéékèèké jáde. Ara abọ́ pẹrẹsẹ, irú tí àwọn olùtajà wa ń gbé lérí, ló kan àwọn lasipíkà náà mọ́.

A gbóríyìn fún èrò yìí, nítorí pé abọ́ yẹn àti ohùn yẹn, ìdílé kan náà ni wọ́n. Àmọ́ ohun kan wà tí a kò lè ṣàìsọ. Ará Amẹ́ríkà tó dúró níwájú abọ́ wọ̀nyẹn, ohùn ló gbọ́: ó ń lọ sókè, ó ń lọ sódò, bí òjò lórí páànù. Bí ọmọ Yorùbá bá dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ni yóò gbọ́. Yóò gbọ́ ẹni tó ń kiri, ẹni tó ń ná ọjà, ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi èènì sí i, ẹni tó ń bú ẹlòmíràn tí àwọn tó kù ń bá a rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ kan náà, níbì kan náà, ó jẹ́ orin ariwo fún ẹni kan, ó jẹ́ ilé fún ẹnì kejì. Bí ọmọ wa tí kò gbọ́ Yorùbá bá débẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ èwo ni yóò dúró sí?

ERÉ INÚ OORU

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti Washington nìkan. Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kan ṣe eré orin ariwo ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní ìlú yìí, wọ́n sì bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí a fún wọn ní onílù. Àwa mẹ́ta la lọ, onígángan méjì àti ẹni tó lu agogo. Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ sọ yìí, láti orí pèpéle ni a ti rí i.

Ẹ mọ bí ooru oṣù kẹta ti rí ní Bìní kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Òrùlé páànù ni gbọ̀ngàn náà ní, fáànù méjì péré ló ń yí, èrò tó wà níbẹ̀ kò sì ju ogójì lọ. Ẹ̀yìn ilé ni jẹnẹrétọ̀ wà, tí òun náà ń kọ orin tirẹ̀. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ gbogbo wa lára.

Eré náà pín sí mẹ́ta. Apá àkọ́kọ́ kò dára. Rédíò, páànù, gìtá àti kọ̀ǹpútà bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò sì sinmi fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá ti pariwo tán láti àárọ̀, kí ni yóò fi pe ará àdúgbò bí ilé bá ń jó lálẹ́? Ariwo tí kò ní ìdákẹ́ nínú kò lè ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù, kò sì lè mú inú ẹnikẹ́ni dùn. Ó kàn ń rẹni ni. A rí àwọn òǹwòran tó ń wo fóònù wọn.

Apá kejì yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ti lọ gba ohùn ẹ̀rọ ìlọta sílẹ̀ ní ọjà. Gbogbo ẹni tó bá ti lọ ata rí mọ̀ pé ohùn ẹ̀rọ náà kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Ó ń han bí kò bá sí nǹkan nínú rẹ̀. Bí ata bá dé ẹnu rẹ̀, ohùn rẹ̀ a wálẹ̀. Bí ẹ̀wà bá dé, a máa kérora. Bí wọ́n bá da omi sí i, a rọlẹ̀. Ọ̀dọ́ yìí ti tẹ́tí sí i títí ó fi mọ ọ́n bí ẹni mọ orin. Ó ń fi igi lu páànù ní ìdáhùn sí i, bí ẹ̀rọ bá wálẹ̀ òun a gòkè. Ìyá kan nínú èrò tó ti lọ ata fún ọ̀pọ̀ ọdún pàtẹ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ló mọ ohun tó gbọ́. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, a sì gbé òṣùbà fún ọmọ náà.

Apá kẹta ni tiwa. Ibẹ̀ ni ooru ti wá di ọ̀kan nínú àwọn eléré. Bí irin bá gbóná, a máa gùn díẹ̀, nítorí náà okùn gìtá a dẹ̀, ohùn rẹ̀ a sì wálẹ̀. Awọ ìlù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ooru bá mú ọ̀rinrin kúrò lára rẹ̀, ṣe ló ń le, tí ohùn rẹ̀ sì ń gòkè. Ìdí nìyí tí àwọn onílù fi máa ń sá ìlù sóòrùn tàbí kí wọ́n yá a níná nígbà òjò. Nítorí náà, bí a ti ń lù ú ni gángan ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni gìtá ń sọ̀ kalẹ̀. Onígìtá fẹ́ tún okùn rẹ̀ so. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn onílù wa mi orí sí i pé kó fi í sílẹ̀. Bí ohùn méjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ṣùgbọ́n tí wọn kò dọ́gba, wọ́n máa ń jọ lù kìkì bí ọkàn ẹni tó sáré. Ohun tí a gbọ́ nìyẹn, gbogbo gbọ̀ngàn sì dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ẹni tó ṣètò rẹ̀. Ìlú Bìní àti oṣù kẹta ló ṣètò rẹ̀.

Ibi tí a dé nìyí tí jẹnẹrétọ̀ gbóná jù, tó sì kú. Rédíò dákẹ́, gìtá dákẹ́, fáànù dúró. Ó ku gángan, agogo àti páànù nínú òkùnkùn. Onílù wa àgbà kò dúró. Ó yí ọ̀pá ìlù rẹ̀ padà, ó sì fi gángan sọ pé ìgbà ò lọ bí òréré. Obìnrin tó ń ta omi tútù lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín, ó sì dáhùn láti ìta pé ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Àwọn àgbà bíi mẹ́rin tún bá a rẹ́rìn-ín. Onílù kí i, ó tún dáhùn. Fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn méjèèjì ń takurọ̀sọ, ọ̀kan pẹ̀lú ìlù, èkejì pẹ̀lú ẹnu. Ní tiwa o, ibẹ̀ ni eré alẹ́ náà ti ga jù.

Lẹ́yìn eré, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin náà wá bá wa. Ọmọ Yorùbá ni, ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ó kúnlẹ̀, ó kí wa dáadáa, ó sì fi èdè Òyìnbó sọ pé ohun tí a fi ìlù ṣe nínú òkùnkùn yẹn ni ariwo tó dùn jù lọ tí òun ti gbọ́ rí. Ó wá béèrè pé kí ló dé tí ìyá olómi ń rẹ́rìn-ín.

ÌLÙ TÓ DI ARIWO

Ẹ̀yin òbí, ẹ má bínú sí ọmọ yẹn. Ó gbọ́ ìró ìlù ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ; ó gbọ́ bí awọ ṣe ń gòkè, ó gbọ́ bí ṣaworo ṣe ń gbọ̀n. Ohun tí kò gbọ́ ni ọ̀rọ̀. Kò sì lè gbọ́ ọ, nítorí pé ìlù kì í sọ ọ̀rọ̀ tán. Ìró òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ nìkan ló ń gbé jáde, kò ní ahọ́n tí yóò fi pe lẹ́tà. Bí gángan bá sọ ilé, bó bá sọ owó, bó bá sọ ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ro oko, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ti mọ òwe, tó ti mọ oríkì, tó ti mọ ohun tó yẹ kí onílù sọ nírú ibi bẹ́ẹ̀, òun ni yóò fi ìmọ̀ rẹ̀ parí ohun tí ìlù bẹ̀rẹ̀. Ìlù ń sọ ìdajì, etí ń sọ ìdajì. Bí etí kò bá ní nǹkan tí yóò sọ, ìdajì tó kù, ariwo ni.

A sì ní ẹjọ́ kan láti bá ara wa ṣe. Àwa àgbà ló ń sọ̀rọ̀ sí orin ariwo àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo òde ìnáwó wa. Lasipíkà tó ga ju ènìyàn lọ, mẹ́rin níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Onílù ń ki ìdílé olóde, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ. Owó là ń ná fún un, a kò mọ ohun tó sọ nípa baba wa. Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Ẹ̀dó, Esan àti Ìgbò a tilẹ̀kùn, wọn a ní àwọn Yorùbá ti tún bẹ̀rẹ̀ ariwo wọn. Ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin lórí ariwo láti ọdún 2009, a sì mọ̀ ọ́n. Ariwo àwọn ọ̀dọ́ yẹn, ó kéré tán, àwọn tó wà níbẹ̀ jókòó tẹ́tí sí i. Tiwa, kò sí ẹni tó ń tẹ́tí. Ta wá ni olórin ariwo nínú àwa àti wọn?

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mẹ́ta ni a ní fún ẹgbẹ́. Àkọ́kọ́, ní gbogbo ìpàdé oṣooṣù, kí a ya ìdajì wákàtí sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ. Kí onílù lu òwe kan, kí àwọn ọmọ máa méfò ohun tó sọ, kí ẹni tó bá gbà á gba ẹ̀bùn. Ẹ ó rí i pé wọn yóò fẹ́ràn rẹ̀ bí àlọ́. Ìkejì, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kọ oríkì orílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ wọn, nítorí pé ẹni tí kò mọ oríkì ara rẹ̀ kò lè mọ ìgbà tí ìlù ń pe òun. Ìkẹta, níbi ìnáwó wa, kí a máa pa lasipíkà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí onílù fi ìlù lásán kí olóde. Bí jẹnẹrétọ̀ bá lè ṣe é fún wa láìròtẹ́lẹ̀, àwa náà lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Ní ti àwọn ọ̀dọ́ olórin ariwo, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Kí wọ́n dín gígùn apá àkọ́kọ́ wọn kù, kí wọ́n sì fi ìdákẹ́ sí i. Kí wọ́n fara wé èyí tó tẹ́tí sí ẹ̀rọ ata, nítorí pé ọ̀nà tí Uwaifo gbà nìyẹn, òun sì ni ọ̀nà Mingiedi: wọ́n mọ nǹkan náà dunjú kí wọ́n tó yí i padà. A ti bá ọmọ wa tó béèrè ìbéèrè yẹn sọ̀rọ̀. A sọ ohun tí ìlù wí fún un, a sì sọ ohun tí ìyá olómi fi dáhùn. Ó ní kí a tún un lù. Ẹ̀ẹ̀kejì tí onílù lù ú, òun náà rẹ́rìn-ín.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ìlù ilé wa di ariwo létí àwọn ọmọ wa. Kí ìlú Bìní tù wá lára, kí ó tu àwọn onílẹ̀ náà lára. Àṣèyí ṣàmọ́dún o. Àmín.